Bí A Ti Ń Díwọ̀n Ìwàǹwára Awakọ̀

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí láti Ìkòròdú gba Ìtókín lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò ti mọ irú awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń rọra lọ níwájú. Àwọn yòókù ń dúró kí iwájú mọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan já síta lójijì. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ í wà, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò fọ́. Ìwàǹwára ni: ọwọ́ rẹ̀ ti yí ọkọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó tán.

Ọkọ̀ tí ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan a máa rin nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí èyí tí ń bọ̀ bá ń sáré bákan náà, mítà 44 ni àwọn méjèèjì fi ń sún mọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ṣe ń wá ọ̀nà láti díwọ̀n ìwàǹwára, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti ń díwọ̀n ibà.

Ìwọ̀n tí ó lókìkí jù ni ti Ernest Barratt, ará Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1959. Irú èyí tí a ń lò jù jáde ní ọdún 1995. Gbólóhùn 30 ni ó ní, lórí bí ènìyàn ti ń fọkàn sí nǹkan, bí ó ti ń ṣe nǹkan láìròtẹ́lẹ̀, àti bí ó ti ń gbèrò ọjọ́ iwájú. Ẹni tí a ń dán wò yóò sọ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwà rẹ̀ nígbà gbogbo, léraléra, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì 1 dé 4. Nítorí náà àpapọ̀ kò lè dín ní 30, kò sì lè ju 120 lọ. Bí máàkì bá ti pọ̀ tó ni ìwàǹwára pọ̀ tó.

Ìdánwò mìíràn kò béèrè ọ̀rọ̀ rárá. Àmì a hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹni náà a sì yára tẹ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìró kan a dún pé kí ó dáwọ́ dúró. Bí ó ti yá tó láti kó ara rẹ̀ níjàánu ni a ń wò. Ohun kan náà ni a ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí ọmọdé bá sáré sójú títì lẹ́bàá ọjà.

Ìwádìí ní ilẹ̀ púpọ̀ fi hàn pé àwọn tí máàkì wọn pọ̀ ni ó sábà ń jẹ́wọ́ eré àsápajúdé àti rírú òfin ọ̀nà. Síbẹ̀, a kò lè fi máàkì nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ń wá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mọ ìdáhùn tí yóò gbè é.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ilẹ̀ wa kéde pé àwọn tí a bá mú fún lílo tẹlifóònù lórí ìrìn tàbí rírú òfin iná adarí ọkọ̀ yóò lọ fún àyẹ̀wò ọpọlọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ìjọba Èkó ti ń rán àwọn tí ń wakọ̀ kọjú sí àwọn tí ń bọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Yábàá. Àwọn ènìyàn fi èyí ṣe ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a da àìsàn ọpọlọ pọ̀ mọ́ ìwàǹwára. Orí ọ̀pọ̀ oníwàǹwára pé pérépéré.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwọ̀n kò rí. Awakọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ dá owó fún ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú yóò sáré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ onísùúrù. Paraga inú gáréèjì a sì máa sọ ẹni pẹ̀lẹ́ di oníwàdùwàdù kí ọkọ̀ tó kún.

Láti ọdún 2017 ni Àjọ náà ti ń fi agbára òfin béèrè ẹ̀rọ adínwọ̀n eré lára ọkọ̀ akérò. Ẹ̀rọ náà kò bìkítà irú ìwà tí ẹni tí ó di sítíárín mú ní. Ṣùgbọ́n kò lè dí i lọ́wọ́ kí ó má já síta níbi tí ọ̀nà há.