Ṣé o mọ̀? Àlejò Dongo, Ejii ti ọdún 2070 àti onígbàjámọ̀ Èkó

Ṣé o mọ̀ pé ọrọ̀ ni Wadata túmọ̀ sí lédè Haúsá? Àdúgbò kan ní Niamey ni, ní orílẹ̀-èdè Niger, tòun ti ọjà rẹ̀, ibùdókọ̀ rẹ̀ àti ọgbà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí tilé-toko mọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà wà nínú ọgbà náà, tí wọ́n ń rọ ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn àwọn Tuareg tí ayé ń pè ní àgbélébùú Agadez.

Ṣé o mọ̀ pé oríṣi kan ṣoṣo kọ́ ni àgbélébùú yìí? Agadez ní tirẹ̀, Zinder ní tirẹ̀, Iferouane, In-Gall àti Bilma náà ní tiwọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á wo ọrùn ènìyàn, á sì dárúkọ ìlú. Alágbẹ̀dẹ lè fín in bó ṣe wù ú, ó lè rọ ọ́ ní kékeré, ó lè rọ ọ́ ní gbàǹgbà, àmọ́ tó bá tún un ṣe títí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò fi lè dárúkọ ìlú mọ́, nǹkan mìíràn ló rọ. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì alápá púpọ̀. Àwọn òǹkàwé ti mọ ayé ìtàn náà ṣáájú kó tó jókòó kọ apá kejì: wọ́n mọ òfin rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó kú àti ẹni tó pa á. Kò gbọdọ̀ dà wọ́n, kò sì gbọdọ̀ sú wọn. Ó pẹ́ tí Niamey ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣé o mọ̀ pé odò tó gba Niamey kọjá ni àwa ń pè ní Odò Ọya? Òun náà ló fà á tí a fi ń pe àwọn ará Àríwá ní ará Òkè Ọya. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọya tó ni odò ni aya Ṣàngó tó ni àrá. Lọ́dọ̀ àwọn Songhai àti Zarma, Harakoy Dikko ló ni odò yẹn, Dongo ló ni àrá, àáké sì ni Dongo náà ń mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Harakoy Dikko kì í ṣe aya Dongo. Ìyá rẹ̀ ni. Odò kan náà rèé, àrá kan náà rèé, ìbátan tó wà láàárín wọn ló yàtọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ fi odò yìí ṣe ìtàn ọ̀la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilé ta lòun wọ̀. Tó bá ti yan ìyá, kó máa bá ìyá lọ, nítorí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ kí omi má gbé ìlú lọ kò sọ̀rọ̀ bí ọkọ tó ń bẹ aya.

Ṣé o mọ̀ pé ojú méjì ni ìtàn Askia Muhammad, ọba ńlá Songhai, ní, tí méjèèjì sì dúró ṣinṣin títí dòní? Àwọn àlùfáà Timbuktu kọ tiwọn sílẹ̀ lédè Lárúbáwá: Sonni Ali kú ní 1492, ọmọ rẹ̀ Sonni Baru gorí oyè, Askia tó jẹ́ ọ̀gágun sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1493. Ní Saga, lẹ́bàá Niamey, Nouhou Malio sọ tirẹ̀ fún Thomas Hale, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, láàárín 1980 sí 1981. Jasare ni Nouhou Malio. Ohun tí arọ́kin jẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni jasare jẹ́ ní Songhai. Nígbà tí wọ́n kọ ohun tó sọ sínú ìwé, ìlà 1,602 ni.

Nínú ti Nouhou Malio, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ọba kan ni Askia: Kassaye ni ìyá rẹ̀, arábìnrin ọba náà gan-an, bàbá rẹ̀ sì ti ìlú kan lábẹ́ odò wá. Wọ́n ti sọ fún ọba pé ọmọ Kassaye ni yóò pa á, nítorí náà gbogbo ọmọ tí Kassaye bí ló ń pa. Nígbà tó bí èyí, ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹrúbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó gun ẹṣin wá síbi ìrun, ó sì pa ọba tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀.

Èwo ni òótọ́? Ìbéèrè tó wù mí jù nìyí: kí ni jasare kò fọwọ́ kàn? Orúkọ Askia kò yí padà. Askia kò sí ní ìlà oyè, agbára ló fi gbà á. Ìyẹn náà kò yí padà. Ìrìn àjò Mẹ́kà wà nínú méjèèjì. Òpó ilé dúró síbi tó wà, yàrá ni jasare tún pín. Àwọn àlùfáà ń dáhùn pé ta ló jọba lẹ́yìn ta. Jasare ń dáhùn pé kí ló lè mú kí ènìyàn pa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kó sì tún di ẹni tí ìlú ń kì. Ìdáhùn kejì yìí ni ọmọdé á fi jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ìtàn Nouhou Malio tí ẹni tó gbọ́ Zarma dáadáa kò lè túmọ̀? Soninke àtijọ́ ni, èdè àwọn tó kọ́kọ́ ni iṣẹ́ jasare. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ifá ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ láìtún un ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1925, ní agbègbè Filingué, àwọn ẹ̀mí kan tí bàbá ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ènìyàn níbi ijó? Hauka ni wọ́n ń jẹ́, wèrè ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Haúsá. Wọn kì í ṣe ẹ̀mí odò, wọn kì í ṣe ẹ̀mí àrá. Gómìnà wà nínú wọn, ọ̀gágun wà nínú wọn, awakọ̀ ojú irin wà nínú wọn: àwọn èrò ayé òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tòun ti ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Báwo ni irú èyí ṣe máa wọ agbo ẹ̀mí tó ti ní bàbá, ìyá àti àpọ́nlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Wọ́n ní àlejò Dongo làwọn.

Jọ̀ọ́, wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àlejò Dongo. Wọn kò ní àwọn ju Dongo lọ, wọn kò ní irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ ti ń sìn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìlú ti mọ̀ ni wọ́n gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ìlú kò rí rí. Àwọn àgbà kọ̀ wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Croccichia, ọ̀gá òyìnbó Faransé kan, kó àwọn tí wọ́n ń gùn sí àtìmọ́lé. Nígbà tó yá, Croccichia fúnra rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn Hauka, ọ̀gágun burúkú tó ń gun ènìyàn. Ìgbà tí Jean Rouch fi máa gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé Accra ní 1954, àwọn tó bá iṣẹ́ ṣíṣe kúrò ní Niger ti gbé Hauka dání dé ibẹ̀. Fíìmù náà, Les Maîtres fous, jáde ní 1955. Ọgbọ̀n ọdún péré, àlejò ti di ara ilé. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀dá tuntun kún ìtàn alápá púpọ̀ ka ìwé lórí Hauka kó tó mú kálàmù.

Ṣé o mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni Boubou Hama, ẹni tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin Niger títí ológun fi gba ìjọba ní 1974? Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti inú ìtàn rẹ̀ ni Moustapha Alassane ti ṣe fíìmù Toula ní 1973: ọ̀dá mú ìlú, ẹ̀mí omi sì ní ọmọbìnrin lòun máa gbà. Ìtàn àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún tí fíìmù náà jáde, ọ̀dá gidi ń pa màlúù káàkiri Sahel.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan wà tó jẹ́ pé Niger ti ọdún 2070 ló ti bẹ̀rẹ̀? The Shadow Speaker ni, Nnedi Okorafor ló kọ ọ́, 2007 ló sì jáde. Ejii, ọmọbìnrin tí òjìji ń bá sọ̀rọ̀, ló gba aṣálẹ̀ lọ pẹ̀lú ràkúnmí kan tó ń jẹ́ Onion. Kò sí ohun tó sọnù nínú Niger tí a mọ̀: aṣálẹ̀ wà, ràkúnmí wà, èdè Haúsá wà. Ohun tó kún un ni ayé mìíràn tó ti là wọ inú ayé wa.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ayé mìíràn yẹn, Ginen, ti wà nínú ìwé tí Okorafor kọ ṣáájú? Zahrah the Windseeker ni, ti 2005, èyí tó gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká fún ìwé kíkọ ní Áfíríkà ní 2008. Orúkọ ìjọba tí Zahrah ń gbé yóò sì ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: Ooni. Ilẹ̀ tí ewéko ti ń hu kọ̀ǹpútà ni, orúkọ oyè ọba Ifẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é. Bí Ejii ṣe wá bá Ginen pàdé, Okorafor kò lè sọ pé ewéko ibẹ̀ kò hu kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí ẹni tó ti inú iyanrìn wá fi ojú tirẹ̀ wo igbó yẹn, ohun tí Zahrah kò rí rí tórí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí sì hàn kedere.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìtàn Ejii fi dúró. Ní 2023, ìwé náà tún jáde pẹ̀lú àfikún, apá kejì, Like Thunder, sì tẹ̀lé e lọ́dún kan náà. Ejii kọ́ ló sọ apá kejì. Dikéogu ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń pe òjò àti ìjì. Ayé kan náà, ẹnu mìíràn. Bí mo ṣe rí ọmọ tí àrá ń gbọ́ tirẹ̀ ní Niger, Dongo ni ọkàn mi lọ bá, bí òǹkọ̀wé náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Ṣé o mọ̀ pé Fágúnwà ti ṣe irú èyí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-oògùn ló sọ ọ́. Ní 1949, Igbó Olódùmarè dé, bàbá Àkàrà-oògùn, Olówó-ayé, ló sì dá lé. Ìtàn ọmọ ṣáájú, ìtàn bàbá tẹ̀lé e. Ó le gan-an láti kọ irú ìwé yẹn, nítorí òǹkàwé ti mọ̀ pé wọn yóò bí ọmọ náà, yóò sì dàgbà; kò sí bí a ṣe lè fi ikú Olówó-ayé dẹ́rù bà á ní ojú ìwé kìíní. Fágúnwà kò gbìyànjú rẹ̀. Ìjà, ọ̀rọ̀ ìyangàn àti ọgbọ́n ni ó fi dí ibi tí ìfòyà ìbá wà.

Ṣé o mọ̀ pé Rosewater, ti Tádé Thompson, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, fi Nàìjíríà ti 2066 ṣe ibùgbé? Kaaro, akọni ìwé náà, nìkan ló sọ apá kìíní. Nígbà tí apá kejì dé, ọ̀pọ̀ ẹnu ló pín in sọ. Ọgbọ́n Dikéogu náà nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé àìsàn òṣèré kan ló bí òfin tó gbajúmọ̀ jù nínú eré sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? BBC gbé Doctor Who jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ní 1966, ara William Hartnell, òṣèré tó ń ṣe Dókítà, àkọni eré náà, kò le mọ́, wọ́n sì ní kí Dókítà pa awọ dà bí ejò, kí òṣèré mìíràn lè gbà á ṣe. Ó di 1974 kí wọ́n tó fún ìpawọ́dà náà lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Ní 1976, òǹkọ̀wé kan ní ìgbà méjìlá péré ni ẹni bíi tirẹ̀ lè ṣe é. Ta ni ì bá rò pé eré náà yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ní 2013, iye yẹn pé. Wọ́n lè ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó rántí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í ṣe ìtàn: Dókítà arúgbó tí kò ní ìyè mìíràn mọ́, tó dúró ti ìlú kékeré kan títí ìrànwọ́ fi dé. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé yóò pa eré náà ló fún un ní ọ̀kan nínú àwọn ikú tó dunni jù.

Ní 2020, nǹkan yàtọ̀. Eré náà sọ pé Dókítà kì í ṣe ọmọ ibi tí wọ́n ti ń sọ láti ọdún pípẹ́, pé ó ti gbé ìgbé ayé mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí. Jo Martin ni òṣèré tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ojú tó gbàgbé yẹn. Inú ọ̀pọ̀ òǹwòran ru. Lójú tèmi, ìyípadà náà kọ́ ló bà á jẹ́. Ẹnì kan ló dúró tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí olùkọ́ nínú kíláàsì. A gbọ́ ọ, a kò rí i kó ṣẹlẹ̀.

Ṣé o wá mọ̀ pé Èkó ni wọ́n ti tún un ṣe? Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni The Story & the Engine, apá kan nínú eré náà, jáde. Inua Ellams, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ ọ́. Dókítà, tí Ncuti Gatwa ń ṣe nígbà yẹn, wọ ilé ìgbàjámọ̀ kan ní Èkó tó ti jẹ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ibi tí àwọ̀ ara rẹ̀ kì í ti í jẹ́ ẹjọ́. Ilẹ̀kùn ti pa. Onígbàjámọ̀ tuntun, tí Ariyon Bakare ṣe, ti há àwọn oníbàárà mọ́: bó ṣe ń gé irun, kí oníbàárà máa sọ ìtàn, nítorí ìtàn ni epo ẹ̀rọ tó ń gbé ilé náà rìn. Abena, ọmọ Anansi aláǹtakùn inú àlọ́, wà níbẹ̀, ó ní ẹjọ́ àtijọ́ láti bá Dókítà rò, ẹjọ́ náà sì ti ìgbà tó ní ojú Jo Martin wá. Jo Martin yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sọ tirẹ̀, ó lọ. Kò sí àlàyé. Ohun tí wọ́n jà lé lórí ní 2020 wọlé bí Hauka ṣe wọlé, láti ẹnu ọ̀nà ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, Anansi.

Nígbà tó kan Dókítà láti sọ ìtàn tirẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, kò wá ìtàn tuntun. Ó sọ pé wọ́n bí òun, òun kú, wọ́n tún bí òun. Ojú àwọn Dókítà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ojú tí Hartnell fi sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ìtàn náà kò ní òpin, ẹ̀rọ kò sì lè gbé e.