Àwo Àkọ́kọ́ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá Ṣe: Bí Orin Àpàlà Kan Ṣe Kùtà àti Bí Ó Ṣe Padà Tà

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìbefún, orúkọ Hárúnà Ìṣọ̀lá kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó síbi ìnáwó àwọn àgbà. Òkìkí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ kọrin sínú àwo ni ọjà ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ní 1948 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí HMV. Orin nípa Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó wà nínú rẹ̀. Àwo náà kùtà. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1950, olórin yìí tún orin náà ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, ó sì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kíá ni àwọn ènìyàn gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀.

Olórin kan náà ni. Ọba kan náà ni orin náà ń sọ nípa rẹ̀. Kí ni ó wá yí padà? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohùn dídùn nìkan kò tó láti sọ àwo di ọjà. Àwo gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ẹni tí kò sí lójú agbo yóò fi fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á. Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìkùnà, ẹ̀kọ́ náà sì ni ó gbé e débi tí ó fi di ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀.

Olórin àti orin rẹ̀

Ọdún 1919 ni a bí Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, nítorí náà ọba ìlú ara rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwo. Orin àpàlà tí ó yàn láàyò tan mọ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ ní òru oṣù Ramadan. Ìlù àdàmọ̀, àkúbà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo ni ohun èlò rẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn olórin jùjú ti ń ta gìtá, tí àwọn onífèrè ń fọn fèrè òyìnbó, Hárúnà kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún tirẹ̀. Ohùn lílé, ègbè, ìlù àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó gbójú lé.

Oríkì ni òpó tí ó gbé àpàlà ró. Bí olórin bá wà lójú agbo, ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́ tó bí ó ti ń fi ẹnu ṣe é. Bí ọmọ ẹnìkan bá wọlé, olórin yóò yí orin sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, yóò kan ìyá rẹ̀, onílù yóò sì fi ìlù tún un sọ. Orí ẹni tí a ń kì yóò wú, yóò sì náwó. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àti owó ṣe ń pàdé ara wọn lójú kan náà. Kò sí alágbàtà láàárín wọn.

Bí àwo ṣe rí ní 1948

Nǹkan yí padà nígbà tí orin yìí wọ inú àwo. Àwo kò lójú. Kò mọ ẹni tí ó jókòó tì í, kò sì lè yí orúkọ padà nítorí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Orúkọ tí a bá ti kọ sínú rẹ̀ ni yóò máa dá lójoojúmọ́. Ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ Orímolúsì, ó sì lè yangàn bí ó bá gbọ́ oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó kan ará Ìbàdàn tàbí ará Èkó tí kò bá ìlú náà tan? Àwo tí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn kò ju ìlú kan lọ kò lè rìn jìnnà ju ìlú náà lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun èlò náà fúnra rẹ̀ há mọ́ olórin. Àwo ìgbà náà, tí ó ń yípo ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Olórin àpàlà tí ó lè fi wákàtí kan kí ìdílé kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ká gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àkókò kò sí fún ìbà, kò sí fún àsọtúnsọ, kò sì sí fún ìlù láti dáhùn. Oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo náà. Bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó fọ́ nìyẹn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó kó o padà wá, ẹni tí yóò sì gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ giramofóònù nílé. Àwọn tí ó ní in kò pọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1948 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà fi àwo tuntun han aráyé, èyí tí ojú rẹ̀ kan lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Irú àwo tí ó bá ìwà àpàlà mu gan-an ni èyí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin ilẹ̀ Yorùbá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Hárúnà fi bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn àjò àti ìwàjà ọba

Lẹ́yìn tí àwo náà kùtà, Hárúnà padà sí ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, èyíinì ni kí ó máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kí ó máa ṣeré níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ìwúyè. Ìrìn yìí ṣe ohun tí àwo kò lè ṣe. Ó jẹ́ kí àwọn olówó àti àwọn ènìyàn ńláńlá ní ìlú mìíràn fojú rí i, kí ohùn rẹ̀ sì di ohùn tí a mọ̀ kí a tó gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí ó gba ojú agbo ni ó la èyí tí àwo yóò gbà.

Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1950, Ọba Adéboyè wàjà nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Kánò. Irú ìròyìn báyìí kì í ṣe ti ìlú kan mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ṣì jẹ́ ohun ìyanu lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwàjà ọba nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí a kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nígbà náà ni Hárúnà tún orin ọjọ́ kìíní gbé, tí ó sọ ọ́ di orin arò. Oríkì tí ó jẹ́ ti ìlú kan ní 1948 ti wá di ọ̀fọ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò dé Ìjẹ̀bú-Igbó rí ní ìdí láti ra àwo náà, nítorí ìròyìn wà nínú rẹ̀, ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa àìdúró ayé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe ikú ọba nìkan ni ó ta àwo náà. Bí olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó tún kùtà. Ìrìn àjò ọdún púpọ̀ ni ó ti sọ ohùn náà di mímọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà wá fún àwọn tí ó mọ ohùn náà ní ohun tí wọ́n lè rà. Nígbà tí méjèèjì pàdé ni ọjà ṣí.

Ẹ̀rí mìíràn kò jìnnà. Ní 1976, Salawa Abẹ̀ní, oníwákà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kò tíì pé ogún ọdún, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ Leader Records. Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún náà, ni ó fi ṣe orin arò. Àwo náà tà gidigidi. Kò sí ẹni tí ó mọ ọmọdébìnrin náà tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń dárò. Ohun tí ó gba Hárúnà ní ọdún púpọ̀ láti rí, àwo kan ṣoṣo ni Salawa fi rí i.

Ìṣòro àwo àkọ́kọ́ ní ibòmíràn

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti àpàlà nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1962, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin láti Liverpool, tí wọ́n ń jẹ́ The Beatles, lọ kọrin fún ilé-iṣẹ́ Decca ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè gbà wọ́n. Decca kọ̀ wọ́n. Abẹ́ EMI, tí ó ni HMV pẹ̀lú, ni wọ́n ti ṣe àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kejì 1963 ni wọ́n sì fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orin rẹ̀. Ìdí tí ọjọ́ kan fi tó wọn ni pé wọ́n ti ń kọ àwọn orin náà lójú agbo lóru fún ìgbà pípẹ́. Ojú agbo ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún Hárúnà.

Ní Èkó pẹ̀lú, ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's tí wọ́n dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì Ofege sílẹ̀ ṣe àwo wọn àkọ́kọ́, Try and Love, fún EMI. Odion Iruoje ni ó darí iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwọn ni ó gbé àwo náà lárugẹ, nítorí ohùn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Àwọn olùrà ti wà nílẹ̀ kí àwo tó dé.

Ta ni ó ni àwo?

Nígbà tí Hárúnà ti mọ bí àwo ṣe ń tà, ìbéèrè kejì dìde: ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ní ayé àwo 78, ó wọ́pọ̀ kí ilé-iṣẹ́ san owó kan ṣoṣo fún olórin lẹ́yìn tí ó bá ti kọrin tán. Bí àwo bá kùtà, orúkọ olórin ni ó bàjẹ́; bí ó bá tà, àpò ilé-iṣẹ́ ni ó kún. Ní 1969, Hárúnà àti I. K. Dáíró, àgbà olórin jùjú, para pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1972, ni ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tí ó fi ọ̀pọ̀ okòwò sí ìkáwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn olórin méjì yìí kò dúró de òfin.

Síbẹ̀, Hárúnà kò kọ ẹ̀yìn sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Decca ni ó gbé Oroki Social Club jáde fún un ní 1971, àwo tí ó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ 1948 hàn nínú rẹ̀ kedere. Òrókí ni orúkọ oríkì Òṣogbo. Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ìlú náà ni ó kì. Dípò ẹnìkan, ẹgbẹ́ odidi ni, olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ sì ní ẹbí, ọ̀rẹ́ àti oníbàárà tí yóò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwo ńlá sì ti dé, tí olórin fi lè na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú orin.

Níkẹyìn, ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń tẹ àwo. Ní àwọn ọdún 1980, àwo àwọn olórin mìíràn, títí kan àwọn tí orin wọn kò bá àpàlà tan rárá, ń ti ibẹ̀ jáde. Ìlú tí àwo rẹ̀ ní láti gba òkè òkun kọjá ní 1948 ti wá di ibi tí a ti ń tẹ àwo fún ẹlòmíràn.

Ìgúnlẹ̀

Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983. Ọmọ rẹ̀, Músílíù, ń bá àpàlà lọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Hárúnà nígbà tí àwo rẹ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wò. Kò ju orin náà nù, kò sì dá ọjà lẹ́bi. Ó wá àwọn tí yóò gbọ́ ọ lọ sí ìlú wọn, ó dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ni ó sì ra ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn àwo ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ ka kìkì àwọn èyí tí ó tà. Nínú àwo tí ó kùtà ní 1948 ni a ti lè rí ohun tí ọjà ń béèrè lọ́wọ́ olórin, àti ohun tí olórin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè padà lọ́wọ́ ọjà.