Kí Ló Ń Ti Ìgbòkun Ojú Òfúrufú?

Ẹ lè ti ka ìròyìn ìgbòkun tí NASA fi ránṣẹ́ sí ojú òfúrufú láti New Zealand ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tó sì ṣí tán ní ìparí oṣù kẹjọ. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé afẹ́fẹ́ oòrùn, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí oòrùn ń tú síta, ló ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tó ń ti ìgbòkun náà gan-an. Ìmọ́lẹ̀ ni.

Ìmọ́lẹ̀ kò sì wúwo rárá! Báwo ló ṣe wá ń ti nǹkan?

James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland, ti ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1873. Ìgbì iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì ni ìmọ́lẹ̀. Bó bá kan irin, apá iná rẹ̀ á mi àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin náà. Bí wọ́n ṣe ń mì, apá mágínẹ́ẹ̀tì á máa tì wọ́n lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ dorí kọ. Nígbà tó fi di 1901, Pyotr Lebedev ti wọn ìtì náà ní Rọ́ṣíà.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni òfin kẹta Newton: bí ohun kan bá ti òmíràn, òmíràn náà á tì í padà bákan náà. Ta wá ni ìgbòkun ń tì padà? Ẹ lè ní oòrùn ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn ti gba ìtìpadà tirẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìgbòkun kò sì tíì gba nǹkan kan. Ká ní ẹnì kan dúró nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ó ju àpò ìrẹsì sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì. Ọkọ̀ ẹni tó jù ú á sún sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ti ẹni tó hán an á sún nígbà tí àpò bá bà á lọ́wọ́. Láàárín méjèèjì, àpò ló gbé mòméńtọ̀mù, ìyẹn ipá tó wà nínú ìrìn nǹkan, dání. Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá ka ti oòrùn, ti ìgbòkun àti ti ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà pọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ kì í yí padà.

Ìgbòkun NASA fẹ̀ tó mítà 80 níbùú lóròó, síbẹ̀ ìtì tó ń gbà kò tó ìwúwo ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Àmọ́ kì í lo epo, kì í sì í sinmi bí oòrùn bá ń ràn sí i. Ìgbòkun IKAROS ti ilẹ̀ Japan gba ẹ̀gbẹ́ Venus kọjá ní 2010.

Òfin ìtìpadà yẹn ló mú kí ara fu mí sí EmDrive, ìkòkò irin tí Roger Shawyer ará Bìrìtìkó ní yóò máa rìn bí ìgbì máíkírówéèfù bá ń ta síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, láìtú ohunkóhun síta. Àwọn òṣìṣẹ́ NASA kan tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016 pé àwọn rí ìtì díẹ̀. Ní 2021, ikọ̀ Martin Tajmar ní Dresden, Jámánì, fi hàn pé ooru tó ń mú ẹ̀rọ náà wú ló tan ìwọ̀n jẹ. N kò ní sọ pé fisíìsì ti parí. Lójú tèmi, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbe EmDrive. Bí ẹlòmíràn bá tún gbé irú rẹ̀ dé, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó gba ìtìpadà náà.