Ìpín ìrántí láàárín ẹ̀rọ onílé àti ẹ̀rọ àlejò

Hypervisor ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń pín ìrántí RAM ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tí ojú rí ni a ń pè ní ẹ̀rọ onílé. Àwọn tí hypervisor dá sínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ àlejò. Àlejò kọ̀ọ̀kan ní ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, bíi Linux tàbí Windows, ó sì gbà pé òun nìkan ni ó wà nílé.

Ojú-ewé báìtì 4096 ni a sábà máa ń pín ìrántí sí. Àlejò ní àkọsílẹ̀ ibi tí ojú-ewé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n hypervisor ní àkọsílẹ̀ kejì tí ó ń tọ́ka sí àyè wọn gan-an nínú ẹ̀rọ onílé. Nítorí àkọsílẹ̀ kejì yìí ni onílé fi lè ṣèlérí ju ohun tí ó ní lọ. Ẹ̀rọ tí ó ní GB 16 lè sọ fún àlejò mẹ́ta pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní GB 8, nítorí pé wọn kì í sábà lo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà dé.

Ní ọdún 2002, Carl Waldspurger ti ilé-iṣẹ́ VMware ṣàlàyé bí ESX Server ṣe ń gba ìrántí padà. Onílé kò mọ ojú-ewé tí ó ṣe pàtàkì sí àlejò. Nítorí náà, wọ́n fi ètò kékeré kan sínú àlejò, wọ́n pè é ní bálúùnù. Bí bálúùnù bá wú, àyè á há mọ́ àlejò, òun fúnra rẹ̀ á sì yan ohun tí yóò jọ̀wọ́. Bí èyí kò bá tó, hypervisor á kó ojú-ewé àlejò lọ sórí dísíìkì, gbogbo iṣẹ́ á sì fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà GB 4 kọ́ Linux nínú Windows ti mọ ìfàsẹ́yìn yẹn dáadáa.

Ta ni a ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? ESX bu owó orí lé ìrántí tí a kò lò. Kì í ṣe owó gidi, ìṣirò lásán ni. Ní àwọn abúlé oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn èèyàn mọ ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí àlejò tí ń dáko ń san fún onílẹ̀. Àfiwé náà kò lọ jìnnà: ìṣákọ́lẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí a ń ro, ṣùgbọ́n orí ìrántí tí ó wà láìlò ni owó orí ESX ti wúwo. Ní ìwọ̀n 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi sí i, ojú-ewé kan tí kò ṣiṣẹ́ ń ná àlejò ní iye mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni àjọlò. Bí àlejò méjì bá ní ojú-ewé tí ó bára mu délẹ̀, hypervisor á tọ́jú ẹyọ kan fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i ni a ó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ fún. Linux gba irú ètò yìí, KSM, wọlé ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n kíkọ nǹkan sójú-ewé àjọlò máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àdáni lọ, àlejò olófòófó sì lè fi ìwọ̀n àkókò náà mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ní. VMware pinnu ní ọdún 2014 pé àjọlò láàárín àlejò kan sí èkejì kò ní máa ṣiṣẹ́ mọ́, àfi bí alábòójútó ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ tan án.