Iná Ló Ń Pàṣẹ Nínú Àpótí Ẹja

Bí ewéko tí a gbìn sínú àpótí gíláàsì tí a ń sin ẹja sí bá ń pọ́n, ajílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ rà. Iná orí omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń sọ bí ebi yóò ṣe pa ewéko tó.

Nínú iná LED funfun, ìmọ́lẹ̀ búlúù ni ẹ̀yà kín-ín-kín inú rẹ̀ ń tàn. Lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi bò ó ń sọ díẹ̀ lára búlúù náà di ìyeyè àti pupa. Àpapọ̀ wọn lojú wa ń rí bíi funfun. Búlúù àti pupa yìí gan-an ni ewé ń gbà jù. Kí iná tàn fún wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ti tó.

Bí iná bá le, afẹ́fẹ́ CO₂ tí ewéko ń lò ló máa ń kọ́kọ́ tán nínú omi. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo sìlíńdà CO₂, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ wọlé títí yóò fi tó bíi mílígíráàmù 30 nínú lítà kan. Wọ́n á ri ìgò kékeré kan tó ní omi aláró sínú àpótí: bó bá jẹ́ búlúù, CO₂ kò tó; bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó tó; bó bá jẹ́ ìyeyè, èémí ẹja ti fẹ́ há nìyẹn. Lóru, ewéko fúnra rẹ̀ ń mí CO₂ síta, nítorí náà fáàfù oníná ẹnu sìlíńdà gbọ́dọ̀ pa dé.

Ajílẹ̀ wá kàn. Ìgbẹ́ ẹja ń pèsè náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Pọ̀tásíọ̀mù àti irin ló sábà máa ń wọ́n. Bí ewé tuntun bá ń ṣì, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ẹ fura sí irin. Bó bá jẹ́ ewé àgbà ló ń pọ́n, ẹ fura sí náítírójìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da NPK oko sínú omi: ámónìà tó ń tinú rẹ̀ jáde lè pa gbogbo ẹja.

Bí oúnjẹ kò bá bá iná dọ́gba, ewéko á dúró sójú kan, ewédò á bo gíláàsì. Lójú tèmi, kí a dín iná kù sàn ju kí a ra ìgò ajílẹ̀ mìíràn. Anubias, ewéko etí odò tó ń hù ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kò tiẹ̀ nílò sìlíńdà. Abẹ́ ìbòòji ló mọ́ ọn lára. Ẹ so ó mọ́ igi tàbí òkúta, ẹ má ri ìdí rẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, yóò jẹrà.

Ẹ ra táímà tó ní bátìrì nínú, tí yóò máa tan iná àpótí, tí yóò sì máa pa á. Èyí tí à ń fọwọ́ yí máa ń dúró nígbà tí iná ìjọba bá lọ: bí iná bá lọ fún wákàtí 3, ọ̀sán inú àpótí á fi wákàtí 3 pẹ́.