Owó Ni Tàbí Àmì Ìrántí?

Bí a bá ń tú àpótí àwọn ìyá wa àgbà ní Abẹ́òkúta, a lè rí irin róbótó kan tí a kò mọ̀. Onírin-àlòkù á ní kò níye lórí; ẹlòmíràn á ní wúrà ni. Ẹ má tíì tà á. Ẹ kà á ná.

Ṣé ihò wà láàárín rẹ̀, tí ìràwọ̀ oníṣóńṣó mẹ́fà yí ihò náà ká? Owó ni. Ní 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ oníhò fún ilẹ̀ wa. Ọ̀nínì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan. Bí ẹ bá rí ONE PENNY lára rẹ̀, kọ́bọ̀ ni.

Tó bá jẹ́ orí ọba ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá iye owó. Bí iye bá wà, bíi tọ́rọ́ tàbí ṣílè, owó ni. Bí kò bá sí iye, tó jẹ́ orí ọba àti olorì pẹ̀lú 1935, àmì ìrántí ni. Ọdún náà ni Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè. Àwọn aláró wa pàápàá fi àwòrán tọkọtaya náà ṣe àdìrẹ tí à ń pè ní Ọlọ́ba.

A kò lè fi owó àtijọ́ yìí ra nǹkan l'Ítòkú mọ́. Náírà ti dé láti 1973. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iyanrìn fọ̀ ọ́ o! Ohun tí a kọ sára rẹ̀ á pa rẹ́. Ẹ bi àwọn àgbà bó ṣe dé ọwọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.