Ìpele Ilẹ̀ tí ó wà Lábẹ́ Ilẹ̀dú àti Bí Wọ́n Ṣe Wáyé

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí. Ilẹ̀dú tí àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ kọ kì í sábà jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jìn ju kànga lọ. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ‘ilẹ̀ ìsàlẹ̀’ lásán, a ti pa ìyàtọ̀ ńlá rẹ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni láti ṣàlàyé àwọn ìpele wọ̀nyí àti bí wọ́n ṣe wáyé. Ilẹ̀ tí ó wà lórí àpáta àtijọ́ ní agbègbè Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí Àwọn Ìpele náà ṣe Tò

Bí agbẹ́kànga bá kọjá ilẹ̀dú ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó sábà máa ń bá pàdé. Lẹ́yìn èyí ni amọ̀ pupa, lẹ́yìn náà amọ̀ alábàwọ́n tí ó ní pupa, funfun àti àwọ̀ rúsúrúsú nínú. Ní ìsàlẹ̀ èyí ni àpáta jíjẹrà wà: ilà ara àpáta ṣì hàn lára rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ lásán lè rún un. Àpáta líle ni ó kẹ́yìn.

Bí Wọ́n ṣe Wáyé

Kì í ṣe pé ẹnì kan to àwọn ìpele wọ̀nyí léra bí ìgbà tí a ń mọ ògiri. Inú àpáta náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Èémí gbòǹgbò àti ewé tí ó ń jẹrà máa ń mú kí omi òjò tí ó rin wọlẹ̀ kan díẹ̀. Omi yìí a sọ apá kan àpáta di amọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká òkúta funfun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartz. Irin inú àpáta a dógùn-ún bí àdá tí a gbàgbé sínú òjò. Ibẹ̀ ni pupa ilẹ̀ ti wá. Omi kan náà a tún máa fọ amọ̀ kúnnákúnná láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí òkè ní iyanrìn, kí ìsàlẹ̀ sì le.

Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ga nígbà òjò, tí ó sì ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irin a yọ́ kúrò níbì kan, a sì ṣù jọ síbòmíràn. Èyí ni ó bí amọ̀ alábàwọ́n. Bí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ bá hàn síta, tí oòrùn àti òjò ń pààrọ̀ lórí rẹ̀, ó lè gan di yangí tí omi kò tún lè rọ̀ mọ́.

Kí wá ni òkúta wẹ́wẹ́ ń wá lórí amọ̀? Nínú iṣẹ́ tí P. H. Nye ṣe nítòsí Ìbàdàn, tí ó tẹ̀ jáde ní 1954 àti 1955, ó fi hàn pé ikàn àti ekòló wà lára àwọn tí ó fà á. Erùpẹ̀ kúnná ni wọ́n lè rù wá sókè. Wọn kò lè gbé òkúta. Bí òjò bá wó ọ̀gán, erùpẹ̀ rẹ̀ a tẹ́ sílẹ̀, òkúta a sì máa kù sí abẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, erùpẹ̀ tí ó bo òkúta wẹ́wẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀dá kéékèèké láti ìrandíran. Bí a bá ṣí igbó sílẹ̀ ní ìhòòhò, àgbàrá lè kó o lọ láàárín ọdún díẹ̀. Òkúta ni ọkọ́ àgbẹ̀ yóò máa bá wí. Ẹ̀kọ́ kan tún wà fún àwa onímọ̀ èdè. Ilẹ̀dú, amọ̀, yangí: orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtàn tirẹ̀. Kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀, amọ̀kòkò àti agbẹ́kànga, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàrin wa.